Ọ̀dà Dúdú Lára Ẹ̀rọ Ọpẹ́

Ẹ̀yin ará mi nínú ìgbàgbọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ kì í bá wa jọ́sìn ṣùgbọ́n tí ẹ fẹ́ràn ìtàn, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọjà tó wọ́n. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó jẹ́ kí òjò bá kòkó wa lásìkò, tí ó sì jẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin tún pàdé lórí ìwé. Màmá Ọládùnní, ẹni tí ìtàn yìí dá lé lórí, ló ní kí n kọ ọ́. Mo ní, "Màmá, ojú á tì yín o." Ó ní, "Ojú ti tì mí tán. Kọ ọ́, kí ojú má baà ti ẹlòmíràn." Ìdí nìyẹn tí mo fi mú kálàmù.

Ní Odigbo níbí, kò sí ẹni tí kò mọ Màmá Ọládùnní. Òun ni Ìyá Ìjọ wa. Opó ni, ẹ̀gẹ́ ló sì fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Gàrí rẹ̀ a máa gbẹ, púpurú rẹ̀ a sì máa funfun nínú bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ púpurú, ẹ̀gẹ́ ni, tí a rẹ sínú omi títí ó fi kan, tí a fọ́, tí a mọ ní róbótó, tí a wá gbé ka orí ààrò kí èéfín yan án. Ẹ̀yìn rẹ̀ a dúdú bí ìdí ìkòkò. A ó ha dúdú yẹn kúrò kí a tó lọ̀ ọ́.

Àdúrà Màmá ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé, kí ó tó wá di ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná, wọn a gbé e lọ bá a. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ, wọn a bi í. Bí ọdún ìdìbò bá sì dé, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ọjọ́rú, àwọn obìnrin a yí i ká lábẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà ìjọ.

"Ìyá Ìjọ, ta la ó dìbò fún?"

Wọn kì í béèrè ohun tí olùdíje fẹ́ ṣe tàbí ohun tí ó ti ṣe rí. Ohun tí Màmá bá rò ni wọ́n ń béèrè. Màmá a ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé e síwájú Olúwa." Bí ó bá wá di Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, a dárúkọ ẹnì kan, ọ̀rọ̀ parí. Orúkọ náà a ti Odigbo dé Omifunfun, a gun ọ̀kadà dé Ore, a bá ọkọ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ wọ abúlé tó kù, nítorí pé àwọn ìjọ wa wà káàkiri agbègbè yìí. Olúkúlùkù a máa sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ìyá Ìjọ Odigbo ti gbàdúrà sí i."

Ní ọdún ìdìbò tí mò ń sọ yìí, ohun kan làwọn obìnrin wa ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́. Páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ni wọ́n ń lò. Kò sí obìnrin kan nínú wọn tí páànù yẹn kò tíì bó lọ́wọ́ rí. Theresa, akápò ẹgbẹ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, a máa sọ pé, "Ẹ̀jẹ̀ wa pọ̀ nínú gàrí Odigbo ju ẹ̀gẹ́ lọ." Wọ́n gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀rọ yìí. Wọ́n kúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń ro wọ́n.

Inú ààwẹ̀ náà ni wọ́n wà nígbà tí Tíṣà Olútáyọ̀ wá. Ó ń díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ọmọ Odigbo ni, ó sì ti kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ní ìṣirò. Ọ̀kadà ló gbé e wá, ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ Màmá pé kí ó jẹ́ kí òun bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa owó tó ń wọlé fún ìjọba, àti bí àwọn ará ìlú ṣe lè béèrè ibi tó ń gbà lọ.

Màmá mirí. "Tíṣà, a kì í ṣe òṣèlú nínú ilé Ọlọ́run."

"Ẹ ṣé, Màmá. Mo lè dúró lábẹ́ máńgòrò níta."

"Ti Ọlọ́run ni máńgòrò náà."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún ṣòkòtò rẹ̀ ká, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ààwẹ̀ kò tíì pẹ́ tí ó parí nígbà tí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan wọ ọgbà ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, bí ìsìn ṣe ń lọ lọ́wọ́. Olóyè Oríyọmí ló tẹ̀ lé e nínú ọkọ̀ dúdú, òun náà ń díje fún ipò kan náà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ ohun kan kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, wọ́n sì ká tapólì orí rẹ̀. Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ni! Pẹ́ńtì aláwọ̀ ewé ń dán lára rẹ̀, a sì fi funfun kọ ọ́ sí i ní gàdàgbà pé: Ẹ̀BÙN OLÓYÈ ORÍYỌMÍ.

Olóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá pẹ̀lú agbádá funfun. "Màmá, mo gbọ́ pé ẹ ń gbàdúrà."

Kí ni Màmá fẹ́ sọ? Omi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn obìnrin ti bú sórin. Nínú ariwo náà ni Theresa ti rọra bi í pé, "Ìyá Ìjọ, ibo ni Olóyè ti rí i kíákíá báyìí?" Màmá sì dá a lóhùn lọ́rọ̀ tí gbogbo ìjọ ń tún sọ kiri lọ́sẹ̀ náà. Ó ní, "Theresa, nígbà tí Ọlọ́run fi ẹyẹ ìwò bọ́ Èlíjà, ṣé Èlíjà bi ìwò pé níbo lo ti rí ẹran?"

Pásítọ̀ Gabriel da òróró sórí ẹ̀rọ náà, ó yà á sí mímọ́ fún Olúwa. Olóyè gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí pẹpẹ, ó sọ̀rọ̀, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí pé a kì í ṣe òṣèlú nínú ilé Ọlọ́run. Ní Ọjọ́rú, lábẹ́ máńgòrò, Màmá dárúkọ Olóyè Oríyọmí. Ọ̀rọ̀ náà gun ọ̀kadà, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ ìkórè ni wọ́n tó fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ gidi, nítorí gàrí àti púpurú tí wọ́n fẹ́ fi gba àlejò. Ẹ́ńjìnnì náà bú ramúramù. Ẹ̀gẹ́ ń wọlé lókè, ó ń tú jáde nísàlẹ̀, funfun báláú. Theresa gbé páànù àtijọ́ sókè, ó ní, "Páànù, ó dìgbà o! Kí ìwọ náà lọ sinmi, apànìyàn!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí oòrùn kàntàrí, tí ara irin ti gbóná, Màmá bẹ̀rẹ̀ láti kó ẹ̀gẹ́ sínú àpò. Ó rí nǹkan dúdú kan tí ń yọ jáde lábẹ́ pẹ́ńtì, níbi oríkèé ẹnu ẹ̀rọ. Ó ń rọra sàn bí omijé. Ó gba àárín orúkọ Olóyè kọjá, ó sì kán sórí ẹ̀gẹ́ funfun. Màmá fi ìka tọ́ ọ, ó gbóòórùn rẹ̀. Kì í ṣe òórùn epo ẹ́ńjìnnì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé Agbabu rí lẹ́ẹ̀rùn mọ òórùn yẹn. Níbẹ̀, ọ̀dà dúdú, irú èyí tí a fi ń ṣe títì, a máa sun jáde nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀, a máa lẹ̀ mọ́ bàtà. Àwọn ará ibẹ̀ a sì máa fi lẹ korobá tó ń jò, wọn a fi lẹ ọkọ̀ ojú omi, wọn a fi lẹ ohunkóhun tó bá la ẹnu.

Theresa náà ti rí i. Ó pariwo pé, "Ẹ wá wo ọ̀dà Agbabu o! Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ pé ìjọba fẹ́ wà á, ìjọba ò rí i wà. Ẹ̀rọ wa ti wà á!"

Àwọn obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ tuntun kì í ní ibi tí wọ́n ti fi ọ̀dà lẹ̀.

"Gíríìsì ni," ni ó wí.

"Gíríìsì kẹ̀, Ìyá Ìjọ? Ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Theresa, mo ní gíríìsì ni."

Ẹ̀rín dákẹ́. Obìnrin kan ní, "Bí Ìyá Ìjọ bá ti ní gíríìsì ni, gíríìsì ni." Wọ́n bu ibi tó dúdú nínú ẹ̀gẹ́ náà, wọ́n dà á fún adìyẹ. Adìyẹ wò ó, ó kọjá lọ.

Bí ẹ bá bi Màmá léèrè lónìí, yóò sọ fún yín pé ibẹ̀ yẹn ni òun ti ṣubú. Kì í ṣe níbi tí òun ti gba ẹ̀bùn, nítorí ẹni tí ọwọ́ ń dùn lè gba oògùn láìbéèrè. Ibi tí òun ti pe ọ̀dà ní gíríìsì ni.

Àṣà wa ní agbègbè yìí ni pé bí ìjọ kan bá ń ṣe ìkórè, àwọn ìjọ yòókù a rán obìnrin wá pẹ̀lú irè oko wọn. Àwọn ti Agbabu dé láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè náà. Olúrónkẹ́ ló ṣáájú wọn, obìnrin kúkúrú kan tí ó máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó sì gbé àpò gàrí kékeré kan sílẹ̀. Aṣọ ni ó fi di ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Màmá, ẹ má wo bó ṣe kéré. Ọwọ́ la fi rin ín. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wa lọ tún ṣe, kò tíì dé."

Màmá gbé e dìde, ó kí i káàbọ̀, ó sì yára yí ojú sí àlejò mìíràn.

Ẹ̀rọ náà wà lábẹ́ máńgòrò, wọ́n ti fi ìmọ̀ ọ̀pẹ àti òdòdó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kí àlejò lè rí i. Láti ibi tí Màmá dúró sí, ó rí i tí Olúrónkẹ́ lọ síbẹ̀. Ó rí i tí ó yí i po. Ó rí i tí ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹnu ẹ̀rọ náà, níbi tí ojú kò dé, bí ẹni tó mọ ibi tí àpá wà lára ọmọ rẹ̀. Ó padà wá bá Màmá, ó fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, bí oòrùn bá ti ń mú, ẹ máa da omi tútù sí abẹ́ ẹnu rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀dà yẹn á máa yọ́ sínú ẹ̀gẹ́. Ìyà jẹ àwa náà kí a tó mọ̀ ọ́n."

Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀ rárá. Ó ń sọ ọ́ bí ìyá tí ń sọ ìwà ọmọ rẹ̀ fún alágbàtọ́.

Màmá bi í pé, "Ta ló gbé e lọ́dọ̀ yín?"

"Àwọn ọmọkùnrin kan ni. Wọ́n ní olóyè kan ní Ore fẹ́ bá wa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. A sì dúpẹ́, torí pé gbogbo ohun tí a ní la fi rà á. Bó bá jẹ́ pé ó kọ́kọ́ yá yín lò, kò burú, Màmá. Bóyá wàhálà tiyín ju tiwa lọ. Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ ṣáà bá wa rán an létí."

Kí Màmá tó lè sọ ohunkóhun, wọ́n ti ń pè é nínú ìjọ. Olóyè ti jókòó sórí àga alága. Ìyá Ìjọ ló kù kí ó dìde dúpẹ́ lórúkọ àwọn obìnrin.

Ó rìn dé iwájú. Ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Ó rí Olóyè tí ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó rí àwọn obìnrin Odigbo tí wọ́n ti kún fún ayọ̀. Ó rí Olúrónkẹ́ lórí bẹ́ǹṣì àlejò. Ó sọ fún mi pé òun gbàdúrà níbẹ̀ pé kí ohùn òun há. Ohùn rẹ̀ kò há. Gbogbo ohun tí ó ti múra sílẹ̀ ló jáde lẹ́nu rẹ̀ geerege, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Olóyè, Ọlọ́run tó fi ìwò bọ́ Èlíjà, òun náà ló rán yín sí wa. Àwa náà mọ ohun tí a ó ṣe lọ́jọ́ ìdìbò!"

Ìjọ hó yèè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí páànù òrùlé fi ń dún. Olúrónkẹ́ náà pàtẹ́wọ́. Aṣọ tí ó fi di ìka kò jẹ́ kí àtẹ́wọ́ tirẹ̀ dún.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá kò ti lè kọrin mọ́. Láàárọ̀, yóò ṣí ìwé orin, yóò rí ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ láti kékeré, ohùn kò ní jáde. Ó rántí Sọ́ọ̀lù ọba tó ní òun ti pa àṣẹ Olúwa mọ́, tí àgùntàn ìkógun sì ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tan ẹ́ńjìnnì ní Odigbo, Màmá a gbọ́ igbe àgùntàn. Ó gbìyànjú láti tan ara rẹ̀: bóyá Olóyè kò mọ̀, bóyá ẹ̀rọ Agbabu mìíràn ni, bóyá Ọlọ́run fẹ́ kí Odigbo kọ́kọ́ lò ó. Ṣùgbọ́n ìka Olúrónkẹ́ kò kúrò lójú rẹ̀.

Ó lọ bá Pásítọ̀ Gabriel, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Pásítọ̀ dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá Ìjọ, ṣé ẹ ò rò pé kí ìdìbò kọjá ná? Olóyè tún ti ṣèlérí òrùlé fún wa. Àti pé a ti da òróró sí i. Ohun tí a ti yà sí mímọ́ ni."

"Pásítọ̀, pẹ́ńtì ni òróró wa kàn. Ọ̀dà wà lábẹ́ rẹ̀."

Pásítọ̀ wo ilẹ̀. "Ẹ ṣe bí Ẹ̀mí bá ṣe darí yín," ni ó wí, kò sì gbé ojú sókè títí Màmá fi jáde.

Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú ìdìbò, àwọn obìnrin péjọ lábẹ́ máńgòrò. Màmá dìde láti sọ̀rọ̀, ó sì kúnlẹ̀ dípò rẹ̀. Ariwo ta. "Èèwọ̀! Ìyá Ìjọ, ẹ dìde! Ẹ fẹ́ fi ẹ̀mí wa ṣòfò ni?"

Kò dìde. Ó ní, "Kì í ṣe gíríìsì."

Theresa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ní àwàdà nínú lọ́jọ́ náà.

"A mọ̀, Ìyá Ìjọ. Gbogbo wa la mọ̀. Ẹ̀yin lẹ ní gíríìsì ni."

Màmá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yẹn dun òun ju bí wọ́n bá bú òun lọ. Ó ti rò pé ara òun nìkan ni òun purọ́ fún. Kò mọ̀ pé òun ti kọ́ gbogbo ẹgbẹ́ láti pa ojú ara wọn dé.

Ó sọ ìyókù fún wọn, nípa Agbabu, nípa Olúrónkẹ́. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ dá ẹ̀rọ náà padà. Ìjà dé.

"Ká tún padà sí páànù? Èmi kọ́!"

"Ẹ jẹ́ ká lò ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ná."

"Ṣé àwa la jí i? Ẹni tó jí i ni kó dá a padà!"

Theresa na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú wọn, ọwọ́ tó kún fún àpá. "Àwọn ará Agbabu náà ní ìka," ni ó wí. Kò fi kún un. Àwọn kan ń kùn, àwọn kan dìde wọ́n lọ sílé pẹ̀lú ìbínú, ṣùgbọ́n àwọn tó kù gbà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, tí ìdìbò ku ọ̀la, wọ́n háyà píkọ́ọ̀pù kan. Màmá jókòó síwájú, Theresa àti àwọn mìíràn wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n dé oríta Ore, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ àjàgbé dá wọn dúró lábẹ́ àwòrán ńlá kan tí Olóyè ti ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀ ni wọ́n ti rí Tíṣà Olútáyọ̀. Ó ń bá àwọn ọlọ́kadà sọ̀rọ̀, méjì péré ló sì ń gbọ́ tirẹ̀. Màmá sọ̀kalẹ̀ lọ bá a.

"Tíṣà, ẹ foríjì mí. N kò jẹ́ kí ẹ dúró lábẹ́ igi."

Tíṣà wo ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó tún wo Màmá. "Màmá, kí n má parọ́ fún yín. Bí mo bá lówó, bóyá èmi náà ì bá ti gbé ẹ̀rọ wá. Orí ló kó mi yọ, òṣì ló sì ràn án lọ́wọ́."

Màmá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà ìkórè, ẹ̀rín náà sì bọ́ sẹ́kún.

Wọ́n dé Agbabu nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀ díẹ̀. Bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe rí ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sáré jáde láti ààrò àti láti ẹ̀yìnkùlé. "Ẹ̀rọ wa ti dé! Ẹ̀rọ ti dé o!" Olúrónkẹ́ ń jó bọ̀. Ó fọwọ́ pa pẹ́ńtì náà.

"Ẹ wò ó, Olóyè tilẹ̀ bá wa kùn ún! Ó ti tún un ṣe fún wa! Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún un."

Wọ́n ti ń kúnlẹ̀. Màmá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó ti múra láti tọrọ àforíjì. Kò múra sílẹ̀ fún èyí.

Olúrónkẹ́ yíjú sí i. "Màmá, ẹ má ṣèyọnu nípa ọ̀la. Ọ̀rọ̀ yín ti dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́. Wọ́n ní ẹ ti gbàdúrà sí i. Gbogbo Agbabu ló máa tẹ̀ka fún Olóyè."

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará mi. Àwọn tí wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn fẹ́ dìbò fún ẹni tó gbà á, nítorí pé Màmá Ọládùnní ti sọ̀rọ̀.

"Ẹ dìde," ni Màmá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ má gbàdúrà yẹn."

Ó sọ ọ́ tán níwájú gbogbo wọn. Ó ní kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà yá àwọn lò. Wọ́n gbé e fún àwọn bí ẹ̀bùn tuntun ni. Ó ní òun rí ọ̀dà, òun pè é ní gíríìsì. Ó ní Olúrónkẹ́ ti sọ ọ́ sí òun létí lọ́jọ́ ìkórè, òun sì tún dìde lọ dúpẹ́.

"Bóyá Olóyè mọ̀, bóyá àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló jẹ owó ẹ̀rọ tuntun, n kò lè sọ, nítorí n kò béèrè. Òótọ́ ni pé mo gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti dé kí n tó kúnlẹ̀, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kí n gbọ́ ohùn Ọlọ́run mọ́."

Olúrónkẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀ tó fi aṣọ dì.

"Mo pàtẹ́wọ́, Màmá."

"Mo rí i, ọmọ mi."

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i."

Olúrónkẹ́ yí ẹ̀yìn sí i. Ìyà kan tó jọ ti ọ̀run àpáàdì, Màmá ní, ni ẹ̀yìn yẹn tó kọjú sí òun.

Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́nu ààrò ló sọ̀rọ̀. "Ó dára. Ta la ó wá dìbò fún lọ́la?"

Gbogbo ojú padà sára Màmá. Orúkọ Tíṣà Olútáyọ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ì bá rọrùn. Wọn ì bá gbà á. Ó gbé e mì.

"Ẹ má bi mí, Ìyá. Mo ti bà á jẹ́. Ẹ bi ara yín."

"Ehn-ẹ́hn," ni ìyá àgbà náà wí, ó bínú. "O ba ọ̀nà jẹ́ tán, o wá ní ká máa mọ ọ̀nà."

Màmá dúró níbẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé, kò sì mọ ibi tí yóò fi ojú sí.

Lẹ́yìn náà Olúrónkẹ́ bu omi tútù sínú igbá, ó rọra dà á sí abẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, ó sì ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Kò wo Màmá. Ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kékeré kan sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì gbé ọ̀bẹ lé e.

"Ẹ jókòó, ẹ bá wa bó ẹ̀gẹ́. Ẹ má sì sunkún sí i o, Màmá. Púpurú kì í jẹ iyọ̀."

Theresa ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Màmá jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́. Lórí iṣẹ́ yẹn ló ti gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí. Àwọn obìnrin Agbabu bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè. Ta ló ti dé ibí rí láìjẹ́ pé ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀? Kí ni ẹni tó wà nípò báyìí ti ṣe fún wa? Tíṣà yẹn, ṣé ó máa ń na ọmọ jù? Wọ́n jiyàn, wọ́n fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣọ̀kan. Màmá kò dá sí i. Ó ń bó ẹ̀gẹ́.

Ẹ ó fẹ́ mọ ẹni tó wọlé. Olóyè Oríyọmí ló wọlé. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Ìjọ ti sọ ti rìn jìnnà ju ibi tí píkọ́ọ̀pù lè lé e dé. Àwọn obìnrin Odigbo ti padà sí páànù, òrùlé ìjọ sì ń jò síbẹ̀. Ní Ọjọ́rú báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ìbò lè dúró lábẹ́ máńgòrò, kí àwọn obìnrin bi í ní ìbéèrè títí òógùn fi bò ó. Ẹ̀yìn pátápátá ni Màmá máa ń jókòó sí. Bí ẹnì kan bá yíjú sí i pé, "Ìyá Ìjọ, kí lẹ rò?" a fi ìka tó ní àpá tọ́ka sí ẹni náà, a ní, "Ìwọ ńkọ́?" Ohùn orin rẹ̀ ti ń padà bọ̀, díẹ̀díẹ̀.

Ìwọ tí o ka ìtàn yìí, kí Olúwa má jẹ́ kí ohun tí o nílò di aṣọ tí wọn yóò fi dì ọ́ lójú. Kí ó fún ọ ní ẹnu tí yóò pe ọ̀dà ní ọ̀dà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ohun tí o fẹ́ràn ló wà. Bí ojú bá sì tì ọ́ rí, kí ó má tì ọ́ gbé. Kí o rí ẹni tí yóò ti àpótí sí ọ̀dọ̀ rẹ, tí yóò ní kí o jókòó. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní já sí ẹ̀jẹ̀. Àlàáfíà ni fún ilé rẹ. Àmín.